Mìlímítà Kan Lóòjọ́

Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo máa ń jókòó sí etí ibùsùn, màá gbé ọwọ́ òsì mi lé ìrọ̀rí, màá wá fi ìka ọwọ́ ọ̀tún kàn án láti ọrùn ọwọ́ lọ síwájú, kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Tí mo bá dé ibì kan báyìí, nǹkan á ṣàdédé ta mí títí lọ sínú ìka tó kéré jù, bí ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé èèyàn díẹ̀. Màá dúró. Màá tún kan ibẹ̀ kó lè dá mi lójú. Màá wá fi báírò fa ìlà kékeré síbẹ̀. Tó bá fi máa di alẹ́ ọjọ́ Àìkú mìíràn, ibi tó ń ta mí á ti kúrò lórí ìlà yẹn. Á ti sún síwájú tó nǹkan bíi fífẹ̀ èékánná kan.

Ìka náà fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan lára. Mo ti tì í bọ omi gbígbóná rí tí n kò mọ̀, ojú mi ló sọ fún mi pé awọ ti bó. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìlà báírò wọ̀nyẹn nìkan ni ìròyìn ayọ̀ tí mò ń gbà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ife gíláàsì ló fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń fọ̀ ọ́, àfọ́kù rẹ̀ sì wọlé sí ọrùn ọwọ́ mi. Níbi tí mo kọ́kọ́ sáré lọ fún ìtọ́jú, wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n rán awọ pọ̀, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ṣì ń mọ ìka mi lára. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí dókítà mìíràn tó ní kí n dijú, kí n sọ fún òun nígbàkígbà tí òwú tó mú dání bá kan ìka náà. Mo dijú, mò ń retí rẹ̀. Nígbà tí mo lajú, ó ní òun ti fi kàn mí nígbà mẹ́rin. Kò pẹ́ tó fi tún ojú ọgbẹ́ náà ṣí, tó fi òwú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ so ojú ibi tí iṣan ti já pọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, mo bi í pé ìgbà wo ni ìka mi máa padà bọ̀ sípò.

Ó ní, “Ẹ ní sùúrù, mà. Mìlímítà kan lóòjọ́ ni iṣan ń hù. Kì í wo bí èèyàn ṣe ń kánjú tó.”

Mo délé, mo mú rúlà. Láti ojú ọgbẹ́ dé orí ìka jẹ́ mìlímítà 155. Ìyẹn ju oṣù márùn-ún lọ, láìtíì ka àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí iṣan náà máa fi wá ọ̀nà kọjá ojú ibi tí wọ́n rán. Mo rántí pé mo fi rúlà sílẹ̀, mo sì bi ara mi ní ìbéèrè kan tí kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà: kí ló ń fà á? Tí mo bá rán okùn tó já, okùn náà kò ní hù. Kí ni nǹkan yìí ń jẹ tó fi ń gùn sí i, ta ló sì ń júwe ọ̀nà ìka fún un nínú òkùnkùn ara?

Iṣan pọ̀ lára èèyàn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ wà, èyí tó so ẹran mọ́ eegun náà wà. Iṣan ìmọ̀lára ni mò ń sọ ní tèmi, ìyẹn èyí tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ tó sì ń gbé àṣẹ bọ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nípa rẹ̀ ni pé orí rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rárá. Sẹ́ẹ̀lì tó ń bá ìka mi mọ nǹkan lára wà nínú kókó kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí ọrùn ti ń di èjìká. Láti ibẹ̀ ló ti na fọ́nrán kan ṣoṣo gba abẹ́ èjìká, gba inú apá, gba ọrùn ọwọ́, títí dé orí ìka. Sẹ́ẹ̀lì kan tí ojú lásán kò lè rí ni o, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn tó gbogbo apá mi. Ohun tí gíláàsì gé ni ẹsẹ̀ yẹn. Èyí tó kù níwájú, tí kò ní orí mọ́, ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ títí á fi tán. Láti ọdún 1850 ni Augustus Waller ti rí èyí nínú iṣan ahọ́n àkèré, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn ló ń hù, nítorí pé orí rẹ̀ ṣì ń bẹ láàyè; ibi tó bá hù dé ló máa ń ta mí tí mo bá kàn án. Ṣùgbọ́n orí tó wà láàyè nìkan kò tó, ìdí ìyẹn sì ni mo fi fẹ́ sọ ìtàn obìnrin kan.

Turin ní orílẹ̀-èdè Ítálì ni wọ́n bí Rita Levi-Montalcini sí, lọ́dún 1909. Ó kàwé dókítà lábẹ́ Giuseppe Levi, ó sì gboyè jáde lọ́dún 1936. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìjọba Mussolini ṣòfin tó lé àwọn Júù kúrò ní yunifásítì àti lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Júù ni òun àti olùkọ́ rẹ̀. Kò níbi tó lè ṣèwádìí mọ́, ló bá sọ yàrá tó ń sùn di ibi iṣẹ́. Ó pọ́n abẹ́rẹ́ ìránṣọ títí tó fi mú bí ọ̀bẹ abẹ. Ó mú ẹ̀mú kékeré tí àwọn alágogo ń lò. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí kò ju ẹyin adìyẹ lọ. Nígbà tí bọ́ǹbù lé ìdílé wọn jáde nílùú, ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé kékeré kan lábúlé, ó sì ń gun kẹ̀kẹ́ kiri láti oko dé oko, ó ń bẹ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ẹyin tí àkùkọ ti gùn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mi ò tíì rí ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn bá mu tó o.

Ohun tó fẹ́ mọ̀ jẹ yọ láti inú ìwádìí kan tí Viktor Hamburger, ọmọ Jámánì tó wà ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde lọ́dún 1934. Hamburger gé ibi tí apá ti máa hù lára ọmọ adìyẹ tó ṣì wà nínú ẹyin. Nígbà tó yá, ó yẹ okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì iṣan lápá ibẹ̀ kò tó nǹkan. Àlàyé tó ṣe ni pé apá ló máa ń ránṣẹ́ pe àwọn sẹ́ẹ̀lì láti di sẹ́ẹ̀lì iṣan, nígbà tí kò sì sí apá, kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Àlàyé náà bọ́gbọ́n mu.

Rita ṣe irú iṣẹ́ abẹ yẹn gan-an, ṣùgbọ́n kò dúró di ìparí kó tó wò ó. Ó ń yẹ ẹyin wò láti ọjọ́ dé ọjọ́, ó fi èròjà fàdákà kun sẹ́ẹ̀lì iṣan kí wọ́n lè hàn, ó sì ń kà wọ́n. Ohun tó rí ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wà. Wọ́n pé. Wọ́n ti na fọ́nrán wọn jáde, wọ́n ti mú ọ̀nà apá pọ̀n. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ tí wọn kò bá nǹkan kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Òun àti Levi ló jọ kọ èsì náà, Belgium ni wọ́n sì ti rí ibi tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí pé wọn kò gbà wọ́n láyè mọ́ ní Ítálì.

Mo ti ronú lórí èyí púpọ̀. Iye tí àwọn méjèèjì kà níparí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹnì kan ní wọn kò bí wọn rárá, ẹnì kejì ní wọ́n bí wọn, ebi ló pa wọ́n. Lójú tèmi, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, títí dórí ẹ̀bùn Nobel, inú ìyàtọ̀ yẹn ló ti wá. Tó bá jẹ́ ebi ló pa wọ́n, a jẹ́ pé oúnjẹ kan wà nìyẹn. Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ń lọ ni wọ́n ti fẹ́ rí i, a jẹ́ pé ẹni tó ń retí wọn ló se é.

Hamburger ka ìwé wọn. Dípò kó bínú, lẹ́yìn ogun, ó pe Rita wá sí yunifásítì Washington nílùú St. Louis kí wọ́n jọ wò ó. Oṣù díẹ̀ ni Rita fẹ́ lò níbẹ̀. Ó lo nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. (Mo fẹ́ràn Hamburger gidigidi nítorí ohun tó ṣe yìí. Ó ṣòro fún èèyàn láti pe ẹni tó já òun nírọ́ wá sílé.)

Oúnjẹ náà kò tètè hàn. Elmer Bueker, tí Hamburger kọ́ níṣẹ́, ló gbé ẹran jẹjẹrẹ eku sára ọmọ adìyẹ inú ẹyin, tó sì rí i pé iṣan ìmọ̀lára ń hù wọ inú rẹ̀ ṣìkìtì. Nígbà tí Rita tún un ṣe, ó rí i pé àwọn iṣan kan tiẹ̀ ń hù wọnú iṣan ẹ̀jẹ̀, níbi tí wọn kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe. Ìyẹn fi hàn án pé nǹkan kan ń sun jáde láti inú jẹjẹrẹ náà, ó sì ń ṣàn káàkiri. Lọ́dún 1952, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Rio de Janeiro, ó gbé eku méjì tó ní jẹjẹrẹ náà pa mọ́ sínú àpò, nítorí pé Hertha Meyer wà níbẹ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹran ara láàyè nínú àwo. Wọ́n gbé kókó iṣan ọmọ adìyẹ kalẹ̀, wọ́n gbé jẹjẹrẹ sí tòsí rẹ̀, láìfi kàn án. Kó tó di ọjọ́ kejì, fọ́nrán ti ta jáde láti ara kókó náà yí ká, ó ń tàn bí ìtànṣán oòrùn tí ọmọdé yà. Mo ti wo àwòrán rẹ̀ lórí fóònù mi lọ́pọ̀ ìgbà. Mo máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi, níbi ìlà báírò.

Stanley Cohen, onímọ̀ kẹ́míkà, dara pọ̀ mọ́ wọn lọ́dún 1953 láti mọ ohun tí èròjà náà jẹ́. Wọ́n da oró ejò sí i, nítorí pé nǹkan kan wà nínú oró náà tó máa ń ba àwọn èròjà bíi DNA jẹ́. Tí agbára èròjà tí wọ́n ń wá bá tán, wọ́n á mọ̀ pé irú DNA ni. Kàkà kí agbára náà tán, ńṣe ló pọ̀ sí i. Oró ejò náà fúnra rẹ̀ ní èròjà yìí nínú, ó sì fi ìlọ́po-ìlọ́po ju ti jẹjẹrẹ lọ. Ibi tí oró ejò ti ń sun kò jìnnà sí ibi tí itọ́ ti ń sun lára ẹranko mìíràn, Cohen bá lọ wo ẹran tó ń sun itọ́ lábẹ́ párì eku. Ibẹ̀ ló ti bá a pelemọ. Púrótéènì ni. Nerve Growth Factor ni wọ́n sọ ọ́, NGF ni wọ́n ń pè é níbi gbogbo. Èmi ń pè é ní èròjà amúṣandàgbà.

Ẹ̀rí tó tẹ̀ lé e ló ká mi lára jù. Wọ́n ṣe èròjà kan tó ń gbógun ti NGF, wọ́n sì fi gún àwọn ọmọ eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Àwọn ọmọ eku náà ń dàgbà, ara wọn dá. Ìgbà tí wọ́n là wọ́n wò, odindi ẹ̀ka kan nínú àwọn iṣan wọn, èyí tó ń bójú tó lílù ọkàn àti fífún iṣan ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn fọkàn sí i, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kàn fi oúnjẹ dù ni, kò sẹ́ni tó fọ̀bẹ kàn wọ́n.

Ọdún 1986 ni Rita àti Cohen gba ẹ̀bùn Nobel. Ẹni ọdún 77 ni Rita nígbà yẹn, ó sì tún lo ọdún 26 sí i láyé, ẹni ọdún 103 ni nígbà tó kú.

Ohun tí èyí yí padà nínú orí mi nìyí. Mo ti rò pé iṣan ń ti ara rẹ̀ síwájú láti ẹ̀yìn, bí omi ṣe ń gba inú páìpù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iwájú ni oúnjẹ wà. Orí fọ́nrán tó ń hù máa ń gba NGF níbi tó dé, á pọn ọ́n mọ́ inú àpò kékeré kan, á sì gbé e padà gba inú ara rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìgbà tó bá débẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tó mọ̀ pé ẹnì kan ń retí òun. Ohun tó mú kó ṣe pàtàkì ni pé ara máa ń ṣe sẹ́ẹ̀lì iṣan ju èyí tó nílò lọ. Nínú ọmọ adìyẹ, nǹkan bí ìdajì àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń darí ẹran apá àti ẹsẹ̀ ló ń kú kí ọmọ náà tó pa ẹyin jáde, láìsí àìsàn kankan. Àwọn tó rí oúnjẹ gbà níbi tí wọ́n dé ló ṣẹ́ kù.

Ní ọwọ́ mi tó já, ìka kò lè ṣe gbogbo oúnjẹ náà fúnra rẹ̀, ó ti jìnnà jù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì Schwann, àwọn ló wé ara wọn mọ́ fọ́nrán iṣan bí ìgbà tí wọ́n fi rọ́bà wé wáyà. Tí iṣan bá já, wọn kì í kú mọ́ ọn. Wọ́n á palẹ̀ àwókù mọ́, wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lójú ọ̀nà tí iṣan náà ń gbà tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe NGF àti àwọn ẹbí rẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Wọn kò lè dúró bẹ́ẹ̀ títí ayé. Tó bá pẹ́ jù, okun wọn á tán. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi sílẹ̀ láìmọ̀ fi ń dùn mí títí di òní.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan máa ń wà níbi tí a ti ń ṣe eré ìmárale fún ìtọ́jú. Jàǹbá ọkọ̀ ló ṣe é ní ọ̀pá ẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ arọ ló ń gbé e kiri. Ó rí àwọn ìlà báírò lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó bi mí ohun tó wà fún, mo sì ṣàlàyé fún un tìdùnnú-tìdùnnú. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó wá ní, “Àǹtí, ṣé tèmi náà ń hù?”

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ kà á wò. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kẹ́kọ̀ọ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, n kì í sì í fẹ́ rántí rẹ̀. Iṣan inú ọpọlọ àti okùn ọ̀pá ẹ̀yìn kì í hù padà bí ti ọwọ́. Santiago Ramón y Cajal, onímọ̀ iṣan ọmọ Sípéènì, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1928 pé níbẹ̀, ohun gbogbo lè kú, kò sí èyí tó lè tún hù. Ọ̀pọ̀ èèyàn gba ọ̀rọ̀ yẹn bí ìdájọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1981, Sam David àti Albert Aguayo nílùú Montreal gé iṣan ẹsẹ̀ eku, wọ́n sì fi ṣe afárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Fọ́nrán láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ní kì í hù, hù wọ inú afárá náà tó mìlímítà 30. Lẹ́yìn náà, Martin Schwab ní Zurich fi hàn pé ìbora fọ́nrán tó wà nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ní èròjà tó ń dá ìhùsókè dúró. Oúnjẹ ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ọ̀nà náà sì dí. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì sí oògùn tó ń mú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn èèyàn hù padà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi ìkankan bò. Ó dákẹ́ pẹ́.

Ó ní, “Ẹ ń sọ pé ó fẹ́ hù?”

Mo ní, “Ó fẹ́ hù. Ọ̀nà ni kò rí.”

Ó mi orí. Kò tún bi mí mọ́, ó kàn na ọwọ́ sí ohun tí wọ́n fi ń ṣe eré ìmárale apá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bi mí ni pé kí ló dé tí wọn kò kàn gún mi ní NGF. Tibi tire la dá ilé ayé, ọ̀rọ̀ NGF náà sì rí bẹ́ẹ̀. Èròjà kan náà tó ń bọ́ iṣan ló ń jí ìrora. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí láìní ohun tí sẹ́ẹ̀lì iṣan fi ń gba NGF mú, wọn kì í mọ ìrora, wọn kì í làágùn, wọ́n sì lè gé ahọ́n ara wọn jẹ láìmọ̀. Ní Sweden, wọ́n fi NGF sínú ọpọlọ àwọn mẹ́ta tó ní àrùn ìgbàgbé Alzheimer, ẹ̀yìn ń ro wọ́n, wọ́n sì ń rù. Àwọn mìíràn gba òdìkejì rẹ̀: wọ́n ṣe oògùn tanezumab láti fi dí NGF lọ́nà, kí ìrora oríkèé lè dáwọ́ dúró. Ìrora dín kù lóòótọ́, àmọ́ oríkèé àwọn kan ń tètè bàjẹ́. Lọ́dún 2021, àwọn onímọ̀ tó ń gba FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, nímọ̀ràn dìbò 19 sí 1 pé àǹfààní rẹ̀ kò borí ewu rẹ̀, àwọn tó ṣe é sì pa á tì. BDNF, ọ̀kan nínú àwọn ẹbí NGF, tí Yves-Alain Barde àti Hans Thoenen yọ jáde láti inú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́dún 1982, ni wọ́n dán wò fún àrùn ALS tó ń pa iṣan tó ń darí ẹran ara. Kò gba àwọn aláìsàn là.

Ibi tí NGF ti yege ni ojú. Oògùn kan tó ń kán sójú, cenegermin, gba àṣẹ ní Yúróòpù lọ́dún 2017 àti ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2018, fún àwọn tí iṣan iwájú ẹyinjú wọn ti kú débi pé egbò ibẹ̀ kì í jiná. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Láti ìgbà eku inú àpò dé ìgbà oògùn yìí lé ní ọgọ́ta ọdún. Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni pé ojú wà níta. Wọ́n lè kán an síbi tó yẹ, kó má ṣàn lọ síbòmíràn.

Nítorí náà, inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rí àwọn tó ń ta hóró oògùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé èròjà tó ń mú iṣan hù wà nínú rẹ̀. Mo ra ọ̀kan rí. Púrótéènì ni NGF, ikùn á sì dà á bí ó ṣe ń da púrótéènì inú ẹran. Kò ní dé ọrùn ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ara ń ni ni wọ́n ń tà á fún, ìyẹn ló ń bí mi nínú.

Ó ti di oṣù keje báyìí. Ìka náà ń mọ tútù. Kò tíì mọ aṣọ yàtọ̀ sí bébà. Ohun kan wà tí n kò retí: tí mo bá fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ìka tó tẹ̀ lé e, ìka kékeré ni mo máa ń mọ̀ ọ́n sí. Àwọn fọ́nrán kan ti ṣìnà níbi tí wọ́n ti rán an. Wọ́n wọ ilé tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n sì rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀, wọn kò kúrò mọ́. Dókítà ní ọpọlọ mi ló máa kọ́ orúkọ tuntun tí wọ́n ń jẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo kan ìka náà láti ìdí rẹ̀ lọ sókè, kọ́, kọ́, kọ́. Ó ta mí ní ìsàlẹ̀ èékánná gan-an. Mo mú báírò, mo wá ibi tí màá fa ìlà sí. Awọ tó ṣẹ́ kù níwájú kò ju fífẹ̀ ẹnu báírò náà lọ.